Oúnjẹ Ọ̀sán Lọ́dọ̀ Sinyóra

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló so Ifáníkẹ́ àti Tàjùdéèn pọ̀, síbẹ̀ wọn kò jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà rí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní Ọ̀fà ìgbà náà, ọmọbìnrin tí wọ́n ti ń fojú ìyàwó wò kì í jẹun lójú ẹni tí yóò fẹ́ ẹ, pàápàá jù lọ lójú ìyá ọkùnrin náà. Bí ebi ń pa á bí í kú, yóò ní òun ti yó. Bí wọ́n bá gbé iyán kalẹ̀, yóò wá nǹkan ṣe lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí ire tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1957 ni àwọn Ítálì tó ń ṣe ọ̀nà dó sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìjagbó. Wọ́n fi pákó kọ́lé, wọ́n fi wáyà yí i ká, àwọn ará ìlú sì ń pe ibẹ̀ ní Kámpù. Ọ̀gá wọn jẹ́ ẹ̀njíníà àgbàlagbà kan tí inú rírun kì í jẹ́ kó gbádùn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sinyóra, ti ṣe nọ́ọ̀sì rí nílùú wọn, kò sì lè jókòó lásán. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yóò so òṣùwọ̀n kọ́ sí ẹ̀ka igi máńgòrò, yóò máa wọn àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa sọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa jẹ fún àwọn ìyá wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì Sinyóra kò ju ti ọmọ kékeré lọ, àwọn ìyá ọmọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìdí nìyí tó fi gba Ifáníkẹ́ síṣẹ́. Ifáníkẹ́ jẹ́ ọmọ Fátóyè, àgbẹ̀ tó tún ń ṣe ìṣègùn, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wọn tó ka ìwé mẹ́fà. Sinyóra ń kọ́ ọ ní èdè Ítálì ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló sì dá lórí oúnjẹ tó ń ṣara lóore. La verdura fa bene, ẹ̀fọ́ dára fún ara. Poco sale, iyọ̀ díẹ̀. Bevo molta acqua, omi púpọ̀ ni mò ń mu. Bí obìnrin náà bá ti sọ ọ́, Ifáníkẹ́ á yí i sí Yorùbá.

Lọ́jọ́ kan, Sinyóra gbé ẹyin sókè, ó sọ̀rọ̀ lé e lórí títí.

“Ó ní kí ẹ máa fún ọmọ lẹ́yin jẹ,” ni Ifáníkẹ́ wí.

“Ẹyin kẹ̀?” ni ìyá kan ké. “Kí ọmọ mi lè di olè? Sọ fún òyìnbó rẹ o, Ifáníkẹ́, bí wọ́n bá mú ọmọ mi nídìí adìyẹ aládìyẹ, òun ni yóò lọ gbà á sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tún rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́ ìdí, ṣíbí ìrobẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín?” ni Ifáníkẹ́ bi í.

“Rárá o. Sinyóra ni mò ń wò. Ó rò pé inú wọn dùn sí ẹyin ni.”

Tàjùdéèn nìyẹn. Ọmọ ìmàle ni, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọwọ́dé, òun sì ni igbákejì kúùkù ní Kámpù. Nígbà tí àwọn ìyá ọmọ tú ká, ó tún padà wá.

“Jọ̀wọ́, kọ́ mi ní gbólóhùn kan.”

“Èwo?”

“Èyí tí mo máa fi sọ pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àná ni Sinyóra gbé nǹkan pupa kan sí mi lẹ́nu pé kí n tọ́ ọ wò. Ikọ́ ni mo fi sá jáde.”

“Non mangio carne di maiale.”

“Ó gùn jù! Kí n tó parí ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á ti dé ọ̀nà ọ̀fun.”

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ifáníkẹ́ ń kọ́ ọ ní ohun tí Sinyóra kọ́ òun. Tàjùdéèn náà ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sì ń mú un wá fún un. Kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, nítorí kì í tijú àṣìsọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti Kámpù ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan á wà níwájú, èkejì á wà lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wí.

“Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?” ni ọkùnrin náà á bi í lédè Ítálì.

“Ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́.”

“Ṣé o mu omi?”

“Mo mu omi púpọ̀.”

Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé dókítà àti aláìsàn ni. Ṣùgbọ́n àyà Ifáníkẹ́ kì í balẹ̀ mọ́ bó bá ti bi í bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rí nílé wọn bóyá ó mu omi.

Sherifat ló ṣe alárinà. Ọmọ àbúrò bàbá Tàjùdéèn ni, ó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Fátóyè.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìmàle? Wọ́n ní igi ni à ń bọ. Ṣùgbọ́n bí inú bá run wọ́n lóru, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kàn.” Ó wo ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Bó bá wù ọ́, n kò ní dí ọ lọ́nà.”

Ìyá Tàjù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ká aṣọ tó ń tà mọ́lẹ̀, ó ní, “Ọmọ Fátóyè? Fátóyè tó ń bọ Ọ̀sanyìn? Sherifat, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí? Ṣé gbogbo ọmọ ìmàle tó wà ní Ọ̀fà ti wọ́n ni?”

Sherifat padà wá bá Ifáníkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ jókòó. “Gbọ́ mi. Obìnrin yẹn kò fẹ́ ẹ̀sìn yín, ṣùgbọ́n ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ a máa wù ú. Bó o bá rí i, kúnlẹ̀. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀, má wò ó lójú. Ní ti oúnjẹ, má jẹ́ kó rí ọwọ́ rẹ lẹ́nu láéláé, àfi bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, ‘Jẹun, ọmọ mi.’ Bó bá ti sọ ìyẹn, a jẹ́ pé ó ti gbà ọ́ nìyẹn.”

Báyìí ni Ifáníkẹ́ ṣe fún bí ọdún kan àbọ̀. Ó ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ aṣọ, ó ń gbé ẹrù Ìyá Tàjù délé. Bí obìnrin náà bá dáhùn ìkíni rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn títí di alẹ́.

Ní ọdún 1959, iṣẹ́ ọ̀nà parí. Tàjùdéèn sáré bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń mí hẹlẹ.

“Sinyóra fẹ́ mú wa lọ!”

“Lọ síbo?”

“Ítálì. Ọsibítù kan wà nílùú wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn kan níbẹ̀ ni kí wọ́n máa se oúnjẹ tó yẹ aláìsàn. Ó ní èmi á wà nídìí ìkòkò, ìwọ á wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ọdún méjì, ká sì padà wá ṣe é níbí. Ó ní ká ti ṣègbéyàwó ká tó lọ.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Sinyóra fẹ́ bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n wá jẹun ọ̀sán ní Sátidé.”

Ifáníkẹ́ kò lè sùn. Ó ń rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ó ń rí ilé òun àti Tàjùdéèn, yàrá kan péré, tábìlì kékeré kan nínú rẹ̀. Fátóyè ní òun kò lọ sí ibi oúnjẹ òyìnbó, pé ibi tí ọmọ òun bá lọ, ire ni kó bá pàdé. Ṣùgbọ́n Ìyá Tàjù gbà láti lọ. Ó we gèlè tó dára, ó sì kọ́kọ́ bèèrè lẹ́nu géètì bóyá wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀.

“Adìyẹ ni, Ìyá,” ni Tàjùdéèn wí. “Èmi gan-an ni mo pa á.”

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ìrẹsì wà níbẹ̀, adìyẹ wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tí wọn kò fi ata sí, àti ọ̀dùnkún Ọ̀fà tí Sinyóra fẹ́ràn bí ojú. Wọ́n fi Ifáníkẹ́ sí ojúkojú Ìyá Tàjù. Sinyóra ní kí oúnjẹ ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ifáníkẹ́ ká ọwọ́ lé itan.

“Mangia, mangia,” ni Sinyóra wí pẹ̀lú ẹ̀rín. Jẹun, jẹun.

Ifáníkẹ́ gbé ojú díẹ̀ wo Ìyá Tàjù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Obìnrin náà rí i. Ó rí i dáadáa, nítorí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ń wo ọmọńlé tó ń rìn lórí àjà bí ẹni pé òun ló wá kí.

Ifáníkẹ́ yíjú sí Tàjùdéèn. Òun náà mọ àṣà, èdè sì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó láti sọ pé, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ níbí nìyí. Tàjùdéèn tẹjú mọ́ àwo rẹ̀, ó ń gé adìyẹ.

“Ṣé kò dára ni?” ni Sinyóra bèèrè. “Ṣé ara rẹ kò yá?”

Gbogbo èdè Ítálì tí Ifáníkẹ́ mọ̀, ti oúnjẹ ni. Ó mọ ẹ̀fọ́, ó mọ iyọ̀, ó mọ omi. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá ọkọ, kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìtìjú. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sọ.

“Non ho fame, grazie.” Ebi kò pa mí, ẹ ṣeun.

Sinyóra wò ó pẹ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọkọ rẹ̀ sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi Tàjùdéèn: ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní oúnjẹ jíjẹ, tí kò lè jẹ oúnjẹ ìlú ara rẹ̀ lójú ènìyàn, báwo ni yóò ti ṣe nílẹ̀ àjòjì? Àbí kò fẹ́ lọ?

Tàjùdéèn gbé ẹnu kúrò lára ṣíbí. “Ó rẹ̀ ẹ́ ni,” ló wí.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Ìyá Tàjù ló fa ọwọ́ Ifáníkẹ́ mú lójú ọ̀nà. “Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni ọ́,” ló wí. “Níwájú òyìnbó pàápàá! Mo ti gbà ọ́. Ìyàwó mi ni ọ́ láti òní lọ.” Ifáníkẹ́ kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, omi ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ pé oúnjẹ tó fi rí ìyá ọkọ náà ló fi sọ ọkọ nù.

Ọjọ́ kejì ni Sinyóra pè é. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fọwọ́ pa á, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò yí padà. Tàjùdéèn nìkan ni òun yóò mú lọ. Bóyá nígbà mìíràn.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Ifáníkẹ́ ti bá Tàjùdéèn.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún un?”

“Kí ni ǹ bá sọ? Pé nílùú wa, ìyàwó kì í jẹun? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ará oko ni wá.”

“Kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kí n sì bá ọ lọ. Èwo ló dára jù?”

Tàjùdéèn fi épúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́. Ó ní, “Ọdún méjì péré ni, Níkẹ́. Ojú tì mí ni. Ṣé o kò ní í dárí jì mí?”

Ó dárí jì í. Ìfẹ́ a máa tètè dárí jini, pàápàá níbi tó yẹ kó dúró bèèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ọkọ̀ ojú irin pẹ́ kó tó dé, Sherifat ń bá wọn ṣàwàdà, ó ní kí Tàjùdéèn má lọ fẹ́ obìnrin tí kò lè gúnyán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó gbé e lọ sí Èkó.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí gbogbo ìlú ń yọ̀ pé a ti gba òmìnira, Ìyá Tàjù ní òun kò ní dúró mọ́. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà fèsì pé bó bá ti tọ́ lójú ìyá òun. Ràímì, ẹ̀gbọ́n bàbá Tàjùdéèn, jókòó ní ipò ọkọ ìyàwó gẹ́gẹ́ bí wákílì, Lemọ́mù so yìgì, wọ́n sì sọ Ifáníkẹ́ ní Ràfátù. Wọ́n gbé e wọlé ọkọ tí kò sí nílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbọ́ tí Ìyá Tàjù ń sọ fún Ràímì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Ìyàwó ni okùn ọkùnrin. Bí okùn bá ti wà lọ́wọ́ mi, kò sí ibi tí ewúrẹ́ ń lọ.” Ifáníkẹ́ jókòó lórí ibùsùn ọ̀ṣìngín. Ó fẹ́ bínú. Ó sì tún rò ó pé, àbí kì í ṣe ohun tí òun náà fẹ́ ni, pé kó wálé?

Ọdún méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́rin. Ìwé tó ń ti Ítálì bọ̀ ń kúrú sí i, ó sì ń pẹ́ sí i. Láàárín èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Ìyá Tàjù. Ifáníkẹ́ ló ń se oúnjẹ rẹ̀, ó sì gbé iyọ̀ pamọ́.

“Ràfátù, kí lèyí? Ṣé ọbẹ̀ ni àbí omi ìfọṣọ?”

“Iyọ̀ díẹ̀ ló dára fún ẹ̀jẹ̀ yín, Ìyá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Sinyóra ni.”

“Ọlọ́run ó san án fún Sinyóra! Ó gbé ọmọ mi lọ, ó tún gbé iyọ̀ mi.”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Ìyá Tàjù á sì lá àwo náà tán. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń dun Ifáníkẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ obìnrin burúkú ni, yóò ti mọ ibi tí yóò dojú ìbínú kọ.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1965 ni Tàjùdéèn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ti sanra, irun orí rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jó yí i ká. Ifáníkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i káàbọ̀. Ọkùnrin náà gbé e dìde bí ẹni tó ń gbé àwo tó lè fọ́.

Kò wọ yàrá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, lójú ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó ti ní ìyàwó lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsibítù kan náà, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan. Òfin ibẹ̀ kò gba ìyàwó méjì.

“Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni ìwọ náà,” ló wí fún Ifáníkẹ́. “Màá máa fowó ránṣẹ́. O ò ní jìyà.”

“Ìyàwó ìyá rẹ ni mí,” ni Ifáníkẹ́ dáhùn. “Ìwọ kò fẹ́ mi rí.”

Ìyá Tàjù bú sẹ́kún, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. “Tàjù, o pa mí! Bí mo bá ní kó jẹun lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ni ọkọ̀ òkun ì bá gbé lọ, n kò sì ní rí ẹnìkan mọ́. Mo fi í so ọ́ mọ́lẹ̀! Mo fi í so ọ́ mọ́lẹ̀, o sì já!”

Ifáníkẹ́ yíjú sí i. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà, láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń wo àjà. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi etí gbọ́.

“Ìyá,” ló wí, “ẹ mọ̀ pé mo ń wò yín?”

“Mo mọ̀.”

“Tàjù, o mọ̀ pé mo ń wò ọ́?”

Ọkùnrin náà doríkodò. “Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rántí rẹ̀,” ló wí. “Ojoojúmọ́, nídìí ìkòkò. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ká ní ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, ìgbésí ayé ènìyàn méjì ni ì bá tún ṣe.

Ràímì tó ṣe wákílì náà ni wọ́n pè láti tú yìgì. Ifáníkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Fátóyè kò béèrè nǹkan kan. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá yàrá tó ti ń kó èlùbọ́ sí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, ó sì gbé ẹní síbẹ̀. Tàjùdéèn padà sí Ítálì.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìyá Tàjù fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ dé agbo ilé Fátóyè, ibi tó ti búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ láyé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró.

“Bàbá Ifáníkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó padà. Kì í ṣe ìyàwó mọ́. Kó wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ.”

“Ẹ dìde, Ìyá,” ni Fátóyè wí. “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi í fúnni. Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.”

Ifáníkẹ́ jáde láti inú yàrá. Ó gbé obìnrin náà dìde, ó fi àpótí sí ìdí rẹ̀.

“Ọmọ yín ní òun fẹ́ mi,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ẹ̀yin ní ẹ gbà mí. Sinyóra ní kò yẹ kí n lọ. Ràímì so mí, Ràímì tú mi. Ìyá, láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnìkan nínú yín tó bi mí pé kí ni mo fẹ́.”

Ìyá Tàjù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Mo wá ń bi ọ́. Ifáníkẹ́, kí lo fẹ́?”

Ifáníkẹ́ la ẹnu. Ohun tó fẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀ kedere bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ: ọkọ̀ òkun, yàrá kan, ọkùnrin tinrín tó ń bi í bóyá ó ti mu omi. Kò sí èyí tó wà láyé mọ́ nínú wọn. Ó wá nǹkan mìíràn kiri nínú ara rẹ̀ tó lè sọ, kò tíì rí i.

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, Ìyá,” ló wí.

“Rò ó. N kò kánjú.”

Obìnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì jókòó sínú àgbàlá àwọn tó ń bọ Ọ̀sanyìn, ó ń dúró, títí oòrùn fi wọ̀.